Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Sẹ́nétọ̀ Ọgọ́rùn-ún ní Washington: Ẹ Kọ Ọ́ Sílẹ̀, Kí Ẹ Sì Dìbò Sí I

Ẹ̀yin ọmọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà Amẹ́ríkà,

A kí yín, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ọ̀rọ̀ àgàbàgebè la bá wá.

Kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹgbẹ́ kan nínú yín, Democrat tàbí Republican, kì í pe èkejì ní alágàbàgebè. Wọ́n á wá fídíò ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn jáde, wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àná, ẹni tí wọ́n mú á ní ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Kò ní pẹ́ tí ẹni tó mú un náà á fi kó sínú kòtò kan náà. Àwa tí a kọ lẹ́tà yìí máa ń ka àkọsílẹ̀ ìjókòó yín, a sì máa ń ka ìbò yín ní orúkọ-orúkọ. Ohun tí a rí níbẹ̀ ni pé ẹ̀sùn yìí kò tíì tún nǹkan kan ṣe fún yín. Àyè lẹ fi ń gbà láti ṣe ohun tí ẹ ti bá ẹlòmíràn wí sí. “Ìwọ náà ṣe é nígbà náà” ti di ìwé àṣẹ lọ́wọ́ yín.

Bí ẹ bá ń béèrè ohun tó kan Yorùbá nínú rẹ̀: ọmọ Yorùbá tó ń tò sórí ìlà láti dìbò fún yín ní Texas, Maryland, Georgia àti Illinois kò kéré. Yàtọ̀ sí ìyẹn, nígbà tí Nàìjíríà kọ òfin ọdún 1979, ọ̀dọ̀ yín ló ti kó ètò Ààrẹ àti Sẹ́nétọ̀ wá. Títí di òní, Sẹ́nétọ̀ wa ní Àbújá ló ń fọwọ́ sí adájọ́ Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ kó tó jókòó. Àṣà tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún kì í pẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa, èyí tí kò dára gan-an ló sì máa ń yára dé jù.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀ràn kan, ká tú u palẹ̀.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 2016, Antonin Scalia, adájọ́ Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ yín, kú. Lọ́jọ́ náà gan-an ni Mitch McConnell, tó jẹ́ olórí àwọn Republican, ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù nínú yín nígbà náà, gbé ọ̀rọ̀ jáde pé ó yẹ kí àwọn ará Amẹ́ríkà lẹ́nu nínú yíyan ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀, nítorí náà kí àga náà ṣófo títí Ààrẹ tuntun yóò fi dé. Ìdìbò Ààrẹ ṣì ku ọjọ́ 269. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ tí gbogbo àwọn Republican 11 tó wà nínú ìgbìmọ̀ ètò ìdájọ́ fi fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò ní pe ẹnikẹ́ni wá fún àyẹ̀wò. Ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ni Ààrẹ Barack Obama, Democrat, yan Merrick Garland láti rọ́pò Scalia. Orúkọ rẹ̀ wà níwájú yín fún ọjọ́ 293. Ẹ ò pè é, ẹ ò bi í ní ìbéèrè kan, ẹ ò dìbò. Nígbà tí sáà ilé parí ní ọjọ́ 3 oṣù Kìíní ọdún 2017, orúkọ náà bá sáà lọ.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, adájọ́ Ruth Bader Ginsburg ti ilé ẹjọ́ kan náà kú. Ìdìbò ku ọjọ́ 46. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni McConnell sọ pé ilé yóò dìbò lórí ẹni tí Ààrẹ Donald Trump, Republican bíi tirẹ̀, bá yàn. Chuck Schumer, olórí àwọn Democrat, lọ gbé gbólóhùn McConnell ti ọdún 2016 jáde lálẹ́ kan náà, ó sì tẹ̀ ẹ́ sórí Twitter bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Kò fi kún un, kò sì yọ nínú rẹ̀. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá lẹ fọwọ́ sí Amy Coney Barrett, 52 sí 48. Ọjọ́ mẹ́jọ péré ló kù kí ìdìbò parí, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn ló sì ti dìbò tiwọn tẹ́lẹ̀.

Ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀, pé Republican ni alágàbàgebè. Àmọ́ ẹ fara balẹ̀.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà ọdún 1992, Joe Biden, Democrat tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ètò ìdájọ́, dìde nínú ilé yín, ó ní bí adájọ́ kan bá fi àga sílẹ̀ lásìkò yẹn, kí Ààrẹ Bush bàbá, Republican, má yan ẹnikẹ́ni títí ìdìbò yóò fi kọjá. Ní ọdún 2007, Schumer fúnra rẹ̀ sọ ní gbangba pé kí ilé má fọwọ́ sí adájọ́ mìíràn tí Bush ọmọ bá yàn sí ilé ẹjọ́ náà, àfi bí ọ̀ràn bá ṣàrà ọ̀tọ̀. Sáà Bush sì ṣì ku bí ọdún kan àbọ̀. Àga ò ṣófo nígbà méjèèjì, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ló wà nílẹ̀ tí McConnell bá ní 2016, ó sì fún un lórúkọ: “òfin Biden.” Ẹ ò rí i pé ẹ̀sùn àgàbàgebè ló di òfin? Biden tó ti di igbákejì Ààrẹ wá ń sọ pé dandan ni kí ilé gbọ́ ẹjọ́ Garland. Nígbà tó di 2020, ẹ̀yin méjèèjì pààrọ̀ ìwé ọ̀rọ̀ yín. Bí òṣèré tó pààrọ̀ aṣọ lẹ́yìn ìtàgé ni.

Ká má purọ́ mọ́ McConnell, ó ní àlàyé. Ó ní ní 2016, ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ ló di Ààrẹ mú, ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ ló di ilé mú. Ní 2020, ẹgbẹ́ kan ló di méjèèjì. Kì í ṣe lẹ́yìn tí Ginsburg kú ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ronú kàn án. Ní 2016 ó ti ń sọ pé láti àwọn ọdún 1880 ni ilé tó wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alátakò kò ti fọwọ́ sí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ lọ́dún ìdìbò Ààrẹ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, ẹnìkan bi í ní Kentucky pé bí àga bá ṣófo ní 2020 ńkọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn á fi ènìyàn sí i. Níbi tí àlàyé náà ti ń jò ni ti Anthony Kennedy. Ilé tó wà lọ́wọ́ Democrat fọwọ́ sí i ní adájọ́ fún Ààrẹ Ronald Reagan, Republican, ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1988, 97 sí òdo, ọdún ìdìbò Ààrẹ sì ni. Bí ẹ bá sọ èyí, wọ́n á ní ọdún 1987 ni àga ti ṣófo. Òfin tó bá nílò ìgé àti ìgán tó báyìí kó tó wọ ara ẹnìkan, aṣọ àrànbára ni, kì í ṣe òfin.

Lindsey Graham, sẹ́nétọ̀ Republican, ní tirẹ̀ kò ní àlàyé tó dúró. Ní 2016, nínú ìgbìmọ̀, ó ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ òun mú òun: bí Republican bá di Ààrẹ, tí àga sì ṣófo lọ́dún tó gbẹ̀yìn sáà rẹ̀ àkọ́kọ́, kí wọ́n ní Graham ló ní kí Ààrẹ tó ń bọ̀ yan ènìyàn. Ní 2018 ó tún un sọ, ó ní kí wọ́n tọ́jú fídíò rẹ̀. Ní 2020, òun ni alága ìgbìmọ̀ tó gba Barrett wọlé. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìdí tó mú wá? Ó ní Democrat ló kọ́kọ́ ba ìlànà jẹ́ ní 2013, wọ́n sì hùwà tí kò dára sí Brett Kavanaugh, adájọ́ tí Trump yàn ní 2018. “Àwọn náà ṣe é” ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí Graham tọ́ka sí ní 2013 yẹn gan-an ni ibi tí nǹkan ti fọ́, ó sì yẹ ká wò ó sún mọ́ tòsí.

Nínú ilé yín, ẹnikẹ́ni lè sọ̀rọ̀ títí láì jẹ́ kí wọ́n dìbò. Fìlíbọ́stà nìyẹn. Ọ̀nà tí ẹ fi ń pa á lẹ́nu mọ́ wà nínú òfin ilé, ìlà 22. Ènìyàn 16 á fọwọ́ sí ìwé pé kí àríyànjiyàn parí. Ọjọ́ ìjókòó kan á wà láàárín, lẹ́yìn náà ẹ ó dìbò. Láti 1975, ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún gbogbo yín, ìyẹn 60, ló gbọ́dọ̀ gbà. Bí wọ́n bá gbà, wákàtí 30 ṣì kù tí ẹ lè fi sọ̀rọ̀ kí ìbò gan-an tó dé. Bí ẹ bá wá fẹ́ yí òfin ilé fúnra rẹ̀ padà, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó bá dìbò ló gbọ́dọ̀ gbà kí àríyànjiyàn tó parí. Ìyẹn 67 bí gbogbo yín bá pé. Kò sí ẹgbẹ́ tó ń rí 67.

Ìdí nìyẹn tí ẹ fi wá ọ̀nà ẹ̀bùrú, èyí tí ẹ ń pè ní nuclear option, àdó olóró. Bí ẹ ṣe ń jù ú nìyí. Olórí ilé á dìde, á ní òun ń tọ́ka sí ìlànà: lórí irú orúkọ báyìí, ẹni tó bá ju ìdajì lọ ti tó láti pa àríyànjiyàn dé. Alága ìjókòó, tí onímọ̀ ìlànà ilé ti sọ̀rọ̀ sí létí, á ní rárá, 60 ni. Olórí ilé á pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí ohun tí alága sọ. Ìdajì lé ọ̀kan ló sì ń dá ẹjọ́ yẹn. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá ọdún 2013, Harry Reid, olórí àwọn Democrat tó di ilé mú, ló tọ́ka, Patrick Leahy ló wà lórí àga. Wọ́n béèrè bóyá kí ìdájọ́ alága dúró. Ènìyàn 48 ní kó dúró, 52 ní kó má dúró. Láti ìṣẹ́jú yẹn, ìdajì lé ọ̀kan ti tó fún gbogbo adájọ́ ìjọba àpapọ̀ àti òṣìṣẹ́ ìjọba tó nílò ìfọwọ́sí, àyàfi adájọ́ Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ.

Ẹ ṣí ìwé òfin yín lónìí, ẹ wo ìlà 22. Ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ló ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú ìwé kò yí padà, ẹ kàn fẹnu kò pé ohun tí ẹ kà kọ́ ló wí.

McConnell dìde lọ́jọ́ yẹn, ó sọ fún Democrat pé wọ́n máa kábàámọ̀ rẹ̀, bóyá kó tiẹ̀ yá ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 2017, òun fúnra rẹ̀ mú pàṣán náà sọ̀ kalẹ̀ lájà, ó fi kan Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ, kí Neil Gorsuch tí Trump yàn lè wọlé. 52 sí 48 náà ni. Kí ẹ sì rántí pé ní 2005, nígbà tí Bill Frist, olórí Republican, fẹ́ ju àdó yìí, McConnell wà lẹ́yìn rẹ̀, Reid ló ń ké pé fìlíbọ́stà ni ọkàn ilé. Ènìyàn 14, méje láti ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ló fẹnu kò tí wọn kò fi jù ú nígbà yẹn. Ọdún mẹ́jọ péré ni wọ́n fi pààrọ̀ ibùjókòó àti ọ̀rọ̀.

(Nọ́ńbà 52 sí 48 yìí ń tẹ̀ lé yín kiri o. Ìbò gbèsè ìjọba ọdún 2006, àdó ti 2013, ti 2017, Barrett ní 2020, àti ìgbìyànjú 2022 tí a fẹ́ sọ báyìí. Ẹni tó bá ń ta tẹ́tẹ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀.)

Lọ́jọ́ kejì àdó 2017, 61 nínú yín láti ẹgbẹ́ méjèèjì fọwọ́ sí lẹ́tà pé kí ẹ má fọwọ́ kan fìlíbọ́stà tó kù fún àbá òfin. Kamala Harris wà nínú wọn. Ní 2019, nígbà tó ń du ipò Ààrẹ, ó ní òun á mú un kúrò bó bá dí òfin ojú ọjọ́ lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kìíní ọdún 2022, Democrat 48 dìbò láti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nítorí òfin ẹ̀tọ́ ìdìbò. Joe Manchin àti Kyrsten Sinema, Democrat bíi tiwọn, kọ̀. Oṣù Kẹwàá ọdún 2025 dé, fìlíbọ́stà yìí kan náà ni Democrat fi di ètò ìnáwó mú, ìjọba sì wà ní títì fún ọjọ́ 43. Trump ní kí Republican ju àdó, John Thune, olórí wọn nínú ilé, ní òun ò ní jù ú. Nínú ìyẹn, ẹnu Thune kò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, ó tọ́ ká sọ ọ́. Ṣùgbọ́n oṣù kan ṣáájú, òun náà ti ju kékeré kan kí ẹ lè máa fọwọ́ sí orúkọ lọ́pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ sì kó 48 gba nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ lò ó. Lórí títi ìjọba pa, ẹ kàn yí àga padà ni: ní 2013, tí ìjọba fi wà ní títì fún ọjọ́ 16, Republican ló ń fi í béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ lórí ètò ìlera Obama, Democrat ń pariwo pé ìjọba kì í ṣe ẹrú ìdógò, ní 2025, ètò ìlera yẹn kan náà ni, olùpariwo ló yí padà.

Ẹ̀yin òǹkàwé Yorùbá tó bá ń ka èyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, bí wọ́n bá fi fídíò “ẹ wo alágàbàgebè” ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, àwọn ohun tí àwa máa ń wò nìyí. A máa ń wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀: ta ni Ààrẹ nígbà náà, ta ló di ilé mú. A máa ń wò ó bóyá ìyàtọ̀ tí ẹni náà ń sọ báyìí ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kí ọ̀ràn tó ṣẹlẹ̀, nítorí ìyàtọ̀ tó bá dé lẹ́yìn ọ̀ràn, àwáwí ni. A máa ń wá odindi ọ̀rọ̀ nínú Congressional Record, ìwé àkọsílẹ̀ ìjókòó ilé, ti ọjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ Biden ti 1992, ibi tó ti ní bí Ààrẹ bá fikùn lukùn pẹ̀lú ilé, òun lè fọwọ́ sí ẹni tó bá yàn, wọn kì í fi í kún fídíò. Lẹ́yìn náà la ó lọ sí ìbò orúkọ lórí senate.gov, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Bí ìbò ìparí àríyànjiyàn bá fẹ́ kùnà, olórí ilé máa ń yí ìbò tirẹ̀ sí “rárá” ní ìṣẹ́jú tó gbẹ̀yìn, torí ẹni tó bá wà níhà tó borí nìkan ló lè béèrè pé kí wọ́n tún ìbò náà dì. Schumer ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2022 lórí òfin tí òun fúnra rẹ̀ gbé wá. Ẹni tó bá ya àwòrán ìbò yẹn, tó ní Schumer tako ẹ̀tọ́ ìdìbò, kò mọ iléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ ọ.

Ìyípadà ọkàn náà wà, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni àgàbàgebè. Obama dìbò lòdì sí àfikún gbèsè ní 2006. Nígbà tó di Ààrẹ tó sì nílò ìbò kan náà ní 2011, ó sọ pé àṣìṣe ni òun ṣe, pé ìbò òṣèlú ni. Ẹ lè bínú sí i, àmọ́ ẹjọ́ yẹn ti parí. Carl Levin ní tirẹ̀ jẹ́ Democrat, ó sì tako àdó Reid ní 2013. Manchin àti Mark Pryor bá a dìbò. Susan Collins nìkan ni Republican tó dìbò lòdì sí Barrett, ó ní ọjọ́ ìdìbò ti sún mọ́ jù. Irú wọn ò pọ̀ nínú yín.

Wàyí o, ohun tí a ń béèrè. Òfin Amẹ́ríkà sọ pé kí Ààrẹ yan adájọ́ pẹ̀lú ìmọ̀ràn àti ìfọwọ́sí yín, kò sọ ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ fi ṣe é. Inú àlàfo yẹn ni gbogbo ariwo yìí ti ń jáde. Ẹ dí i. Ẹ gbé àbá kan wá, kó lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó òfin ilé, kó sọ iye ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ní láti pe ẹni tí Ààrẹ yàn, iye ọjọ́ tí gbogbo ilé ní láti dìbò, àti iye ọjọ́ sí ìdìbò Ààrẹ tí ẹ ó fi dá gbogbo rẹ̀ dúró. Ẹ fi ọjọ́ 60 síbẹ̀, ẹ fi ọjọ́ 100 síbẹ̀, kò dùn wá. Èyí tó ṣe kókó ni ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: ọjọ́ 3 oṣù Kìíní ọdún 2033. Kò sí ọ̀kan nínú yín tí sáà rẹ̀ kọjá ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó mọ Ààrẹ tí yóò wà níbẹ̀ tàbí ẹgbẹ́ tí yóò di ilé mú. Bí òní ṣe rí, ọ̀la ò rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, àmọ́ ó lè gbẹ́ èkù ọ̀bẹ tí kò tíì mọ ẹni tí yóò lò ó.

Ẹ ó ní àwọn tó bá wà níbẹ̀ lè ju àdó sí i bí wọ́n ṣe ju ti ìlà 22. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jù ú, wọ́n á ní láti dìde, kí wọ́n sì dìbò sí i ní orúkọ-orúkọ. Ẹ wo Garland: nínú gbogbo ọjọ́ 293 yẹn, kò sí ìbò kankan tí a lè tọ́ka sí pé sẹ́nétọ̀ lágbájá ló dí i lọ́nà. Ìwé tí ènìyàn 11 fọwọ́ sí àti ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan la rí. Ẹni tí kò bá dìbò rọrùn fún láti yí ọ̀rọ̀ padà lọ́dún mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀.

Nítorí náà, bí àbá náà bá dé iwájú ilé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi “ẹ̀yin tí ẹ gbà, ẹ wí bẹ́ẹ̀ ni” gbà á tàbí kí wọ́n fi sin ín. Ìdá kan nínú márùn-ún àwọn tó wà níjòókòó ló tó láti béèrè ìbò orúkọ. Bó bá jẹ́ 51 tí ilé fi ń jókòó ló wà níbẹ̀, ènìyàn 11 péré nìyẹn. À ń retí orúkọ àwọn 11 náà.

Àwa ni tiyín,
Àwọn tó ń ka àkọsílẹ̀ ìjókòó yín